Ìbàdí Ni A Fi Ń Wa Ọkọ̀

Èéfín igi ẹ̀gbà ló máa ń jí mi lójoojúmọ́. Màámi á ti fẹ́ná sábẹ́ àtẹ ẹja kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, èéfín náà á gba àárín pákó tí a fi tẹ́ ilẹ̀ ilé wa kọjá, á sì wá bá mi lórí ẹní. Ẹni tí wọ́n bí sí etí omi Ìlàjẹ mọ òórùn yẹn. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ wà nínú rẹ̀, bó bá sì wọ aṣọ ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, ó di ọjọ́ Ẹtì kó tó jáde. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ẹja yíyan níbikíbi, inú mi á dùn, kódà bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, èéfín wà ṣùgbọ́n màámi kò sí nídìí àtẹ. Wọ́n ti wa ọkọ̀ lọ ra ẹja ṣáwá lọ́wọ́ àwọn tó ń ti òkun bọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, èmi dúró sórí èbúté pákó iwájú ilé wa láti bá wọn gba ẹrù. Wọn kò dúró kí n gbà á. Iná ń kú lọ nídìí àtẹ, ìyẹn ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Wọ́n gbé abọ́ ẹja karí, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ kejì ti ọkọ̀ kí wọ́n lè tètè gòkè. Ọkọ̀ ni mo ń wò, n kò wo màámi. Mo rí i tó rọra ń padà sẹ́yìn lórí omi, bí ẹni tí wọ́n ní kó yàgò lọ́nà. Àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti pákó ń fẹ̀, ẹsẹ̀ màámi náà ń fẹ̀. Wọ́n ṣubú sáàárín méjèèjì, ìbàdí wọn sì lu etí pákó.

Kò sí ọmọ etí omi tí kò tíì ṣe irú àṣìṣe yẹn rí, àgbà tí ojú ń kán ló sì pọ̀ jù nínú wa. Lórí ilẹ̀ líle, bí o bá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, ilẹ̀ á dúró, ìwọ nìkan lo máa lọ. Ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí o ṣe ń tì í ni òun náà ń tì ọ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ ó sì lọ, kálukú síbi tirẹ̀.

Bàbá mi wà ní òkun Kamẹrúùnù lọ́dún náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pẹja. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Igbókòdá, ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà. Èmi, màámi àti Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi la kù nílé. Ṣáájú ọjọ́ náà, màámi ló máa ń wa ọkọ̀ gbé ẹja yíyan lọ sí Ugbòńlá, níbi tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ń kó ọjà lọ sí Igbókòdá. Nísinsìnyí màámi ti di ẹni tó ń dùbúlẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ yí padà lórí ẹní, wọ́n á kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Ìyá Àgbà sì ti darúgbó kọjá ẹni tó lè wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù. Ẹja ń kún àtẹ, kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ.

Ìròyìn dé Òkìtìpupa, Àǹtí Òkìtìpupa sì wá kí wa. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n, orí ilẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, orí ilẹ̀ náà ni wọ́n sì fẹ́ràn láti wà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ wa ni wọ́n máa ń di etí ọkọ̀ mú lọ́tùn-ún lósì, ojú wọn á wà ní dídì. Obìnrin rere ni wọ́n, kí n má parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n rí bí ilé ṣe rí, wọ́n sì ní kí màámi jẹ́ kí àwọn mú mi lọ, kí n máa lọ sílé-ìwé lọ́hùn-ún, kí ẹnu tí màámi ń bọ́ lè dín kù.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ti lo ìsinmi kan ní Òkìtìpupa rí, àwọn ọmọ àdúgbò sì sọ mí ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí ìrìn mi. Ẹsẹ̀ mi ni kò gbọ́ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kì í mì. Mo ń ya ẹsẹ̀ rìn, orúnkún mi ń tẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìgbì. Síbẹ̀, yẹ̀yẹ́ kọ́ ló bà mí lẹ́rù jù. Màámi tó wà lórí ẹní ni n kò fẹ́ fi sílẹ̀. Lójú tèmi, bí mo bá lọ, ta ni yóò wà níbẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ yí padà?

Ìyá Àgbà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán, wọ́n sì ní bí mo bá lè wa ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé Ugbòńlá, kò sóhun tí mo ń wá lọ sórí ilẹ̀. Àǹtí Òkìtìpupa wo apá mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Apá mi nígbà náà kò ju igi ìdáná lọ. Wọ́n fi àdéhùn sí i pé àwọn yóò padà wá nígbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi, bí n kò bá sì tíì lè wa ọkọ̀ dé Ugbòńlá, èmi àti àwọn la jọ máa lọ.

Mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri pákó, ọkàn mi sì balẹ̀. Irú ọmọ tí mo jẹ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti sọ pé n kò lè ṣe nǹkan, lójú mi, ó ti parí ìdajì iṣẹ́ náà fún mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo mú àjẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó fi ń wa ọkọ̀ kó tó lọ sí Igbókòdá. Òun ló gùn jù nínú ilé wa. Mo rò pé àjẹ̀ tó bá gùn ni yóò tètè gbé ènìyàn dé ibi tó ń lọ. Mo jókòó sórí pákó ìjókòó ọkọ̀, mo ti àjẹ̀ bọ omi, mo fi gbogbo agbára apá mi fà á. Ọkọ̀ yí po. Mo tún fà á, ó tún yí po. Àwọn ará ilé òdìkejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń jẹ púpurú, wọ́n ń wò mí. Ẹnì kan béèrè bóyá nǹkan mi ló bọ́ sómi tí mo ń wá a kiri. Nígbà tí mo fi máa so ọkọ̀ mọ́ òpó, apá mi ti kú sára.

Lálẹ́, n kò lè gbé òkèlè dé ẹnu. Màámi fi ẹ̀gbẹ́ kan dùbúlẹ̀, wọ́n ń bu òkèlè sí mi lẹ́nu, ẹ̀rín ń pa wọ́n, ẹ̀rín náà sì ń dùn wọ́n ní ìbàdí. Ìgbà náà ni wọ́n sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ bí mo bá ń já okùn tó takókó dípò kí n tú u: "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Mo ní mo ti gbọ́. N kò tíì gbọ́.

Ìyá Àgbà ló jẹ́ kí n gbọ́ ọ. Ní agboolé wa, a kì í fún ọmọ ní àjẹ̀ láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n mọ́ ọn lára, gẹ́gẹ́ bí aránṣọ ṣe ń wọn aṣọ. Wọ́n ní kí n nàró, wọ́n gbé àjẹ̀ àtijọ́ kan tó ti ń ya lẹ́nu sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n fi ọ̀bẹ sàmì sí ibi tó bá àgbọ̀n mi dọ́gba, wọ́n sì gé e níbẹ̀. Wọ́n ṣàlàyé pé ọwọ́ òkè ló máa ń dúró, ọwọ́ ìsàlẹ̀ ló ń fà. Bí ewé àjẹ̀ bá wá jìnnà jù sí ọwọ́ tó ń fà, omi ni yóò máa wa ènìyàn, kì í ṣe ènìyàn ni yóò máa wa omi. Mo fi àjẹ̀ kékeré náà fa omi, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, ọkọ̀ sì gbọ́ ohun tó wí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú mi kúrò lórí pákó ìjókòó. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ sínú ọkọ̀, kí orúnkún mi jìnnà síra wọn, kí ìka ẹsẹ̀ mi sì rí ibi gún mọ́ lẹ́yìn. Ìyá Àgbà jókòó sórí èbúté, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé etí ọkọ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín. Bí mo bá le bí igi, mo máa ń ṣubú sómi. Bí mo bá jẹ́ kí ìbàdí mi bá ọkọ̀ lọ, tí mo sì fi orí sílẹ̀ ní ipò rẹ̀, mo máa ń dúró. Mo ṣubú títí ọkàn mi fi kúrò lórí ìṣubú. Ìyá Àgbà kì í bẹ̀ mí, wọn kì í sì í bá mi wí. Wọ́n kàn máa ń dúró kí n gòkè, kí a tún bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ó yé mi gan-an, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n so ó mọ́ mi ní ìbàdí, wọ́n sì di etí rẹ̀ mú lẹ́yìn mi. Bí mo bá fẹ́ fa omi lápá ọ̀tún, wọ́n á fa gèlè sí ọ̀tún, ìbàdí mi á yí, èjìká mi á tẹ̀lé e, apá mi á kàn bá wọn lọ bí àlejò. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ ìdodo mi. Wọ́n ní: "Ọma mi, éè ṣe ọghọ́ ni a ń fi wa ọkọ̀. Ìbàdí ni. Ibi tí mo fọghọ́ lé yìí ni ìwọ gan-an wà. Ibi tó bá lọ ni ọkọ̀ ń tẹ̀lé."

Bí ilé-ìwé ṣe ń sún mọ́ ìsinmi, mo ti ń gbé Ìyá Àgbà dé àárín odò, mo sì ti ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja kan tàbí méjì dé ilé àwọn ará ìtòsí. Ugbòńlá nìkan ni n kò tíì dá lọ. Màámi ti ń jókòó nígbà náà, wọ́n á máa wò mí láti ojú fèrèsé. Mo mọ̀ pé wọ́n ń wo ibi tí mo ń gbé ẹsẹ̀ sí bí mo bá ń gòkè.

Àǹtí Òkìtìpupa dé lóòótọ́. Aládùúgbò kan ló fi ọkọ̀ gbé wọn wá láti Ugbòńlá. Nígbà tí ó di àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ padà, wọ́n ti di aṣọ mi sínú àpò kan, wọ́n sì gbé e síwájú ọkọ̀ wa. Ìyá Àgbà wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Wọ́n ní èmi ni n ó wa ọkọ̀ gbé Àǹtí lọ, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lẹ́yìn. Bí aṣọ Àǹtí bá tutù kí wọ́n tó dé Ugbòńlá, kí wọ́n mú mi lọ, Ìyá Àgbà yóò wá ẹni tí yóò bá wọn mú ọkọ̀ wálé. Bí aṣọ wọn kò bá tutù, èmi ni n ó mú ọkọ̀ wálé fúnra mi. Àǹtí kò mọ̀wẹ̀. Ojú wọn fi hàn pé àwàdà náà kò dùn mọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìyá ọkọ wọn ló ń sọ̀rọ̀, wọ́n sì wọkọ̀.

Wọ́n wúwo, mo sì dúpẹ́ pé wọ́n wúwo, nítorí ọkọ̀ jókòó dáadáa sínú omi. Mo kúnlẹ̀ sẹ́yìn, mo ya orúnkún, mo bẹ̀rẹ̀. Ìbàdí, èjìká, àjẹ̀. Ìbàdí, èjìká, àjẹ̀. Àwọn ará ilé òdìkejì wà lẹ́nu ọ̀nà, n kò wò wọ́n. A gba àárín igi ẹ̀gbà tó hù sínú omi kọjá, a jáde sí odò ńlá, Àǹtí sì ń ka Orin Dáfídì lábẹ́ ètè.

A ti ń rí òrùlé Ugbòńlá lókèèrè nígbà tí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kan sáré gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Awakọ̀ náà juwọ́ sí wa, kò dẹ eré. Ìgbì rẹ̀ ń yí bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àǹtí rí ìgbì náà, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹ̀rù máa ń mú kí ará orí ilẹ̀ ṣe: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Bí wọ́n ṣe ń ga sí i ni ọkọ̀ ń ṣe bí ohun tó fẹ́ dojú dé. Omi ti ń yọjú wo etí ọkọ̀.

Ọmọ tí wọ́n tọ́ nílé wa mọ̀ pé ọmọdé ló ń kúnlẹ̀ fún àgbà. N kò ní àyè láti rò ó. Mo sọ ọ́ ketekete, n kò pariwo: "Àǹtí, ẹ kúnlẹ̀."

Wọ́n yíjú wò mí. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí ó ṣe rí gan-an, pé ọmọ kékeré ní kí àwọn kúnlẹ̀. Mo tún un sọ, mo fi "ẹ jọ̀ọ́" kún un. Wọ́n kúnlẹ̀. Wọ́n ya orúnkún bí mo ṣe ní kí wọ́n yà á, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lélẹ̀ nínú ọkọ̀. Mo yí orí ọkọ̀ kojú ìgbì. Ó gbé wa sókè, ó gbé wa sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé wa, ó sì lọ. Ìyàwó ilé àti ọmọ ilé, àwa méjèèjì wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín odò, kò sí ẹni tí à ń kí. Báyìí ni a wà títí a fi dé Ugbòńlá.

Ní èbúté, wọ́n fẹ́ fò lọ sórí pákó kí gbogbo rẹ̀ lè parí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ná. Mo ní kí wọ́n di òpó mú, kí wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó, kí wọ́n sì jẹ́ kí ara wọn dé orí ẹsẹ̀ náà tán kí wọ́n tó gbé èyí tó wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n má ti ọkọ̀ rárá. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ kò sì mira. Ibẹ̀ ni omi bọ́ lójú mi, nítorí mo rí màámi nínú rẹ̀. Bí iná kò bá máa kú lọ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n ṣe máa gòkè nìyẹn.

Àǹtí tún ìró wọn ró, wọ́n fi ọwọ́ yẹ etí rẹ̀ wò yíká. Wọ́n gbé báàgì tiwọn. Mo na àpò aṣọ mi sí wọn, wọn kò gbà á. Wọ́n ní: "Gbé e padà sílé. Sọ fún ìyá rẹ pé aṣọ mi gbẹ."

Mo kó ẹja fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹ́ńjìnnì, mo sì wa ọkọ̀ wálé. Màámi wà lójú fèrèsé. Nígbà tí wọ́n rí àpò náà níwájú ọkọ̀, wọ́n fi gèlè bo ojú wọn.

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Físíò ni wọ́n ń pè wá, àwa là ń kọ́ ẹni tí egungun rẹ̀ kán tàbí tí rọpárọsẹ̀ mú bí yóò ṣe tún dìde kó sì rìn. Nígbà tí olùkọ́ wa ní yunifásítì kọ́kọ́ ya àwòrán ènìyàn sójú pátákó, tó fi àmì sábẹ́ ìdodo rẹ̀, tó ní ibẹ̀ ni gbogbo ìwúwo ara ti pàdé, pé bí ibẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ sì fẹ̀, ara kò ní ṣubú, mo rẹ́rìn-ín sókè nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé Ìyá Àgbà ti kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ìṣirò iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé-ìwé. Yàtọ̀ sí ìyẹn, egungun ìbàdí màámi jinná ní wíwọ́, títí di òní ni wọ́n sì ń tiro, nítorí kò sí ẹnì kankan nílé wa tó mọ ohun tí èmi mọ̀ báyìí. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn lè gbé ẹja dé Ugbòńlá. Kò lè tún ìbàdí ìyá rẹ̀ ṣe. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń gbé mi dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ bí ara mi kò bá tilẹ̀ yá.

Èbúté pákó wa kò sí mọ́, òkun ti gbé e lọ pẹ̀lú ibi tí ilé wa wà. Àwọn ará ilé òdìkejì ti fọ́n káàkiri. Mo ṣì máa ń ya ẹsẹ̀ rìn. Àwọn ọmọ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń rìn bí èmi kì í ṣubú.

Láìpẹ́ yìí ni wọ́n gbé Àǹtí Òkìtìpupa wá bá mi. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá àti ẹsẹ̀ wọn kan. Wọ́n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì lágbára di etí rẹ̀ mú pinpin, ojú wọn wà ní dídì, mo sì mọ ibi tí mo ti rí i rí. Wọ́n ní àwọn kò lè dìde, ilẹ̀ ń yí. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn bó ti yẹ kí n kúnlẹ̀, mo tún ẹsẹ̀ wọn méjèèjì gbé kí wọ́n jìnnà síra, mo fi àtẹ́lẹwọ́ lé abẹ́ ìdodo wọn. Mo ní kí wọ́n má fi ọwọ́ fà mí, kí wọ́n kàn mú ibi tí mo fọwọ́ lé yìí wá síwájú, ara tó kù yóò tẹ̀lé e.

Wọ́n lajú. Wọ́n wò mí títí, ẹnu wọn tó ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o tún fẹ́ kí n kúnlẹ̀ ni?"

"Rárá, Àǹtí. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ dìde."

Wọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n gbé ara lé ẹsẹ̀ wọn. Ilẹ̀ kò sá fún wọn. Wọ́n dìde.